Ẹjọ́ Ikú Bàbá Onírọ́bà

Ní agogo mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Bàbá Onírọ́bà kú mọ́ Ọ̀gá Ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó dún lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì kọ ọ́ sójú ara rẹ̀ ní lẹ́tà pupa pé aláìsàn ti kú. Kò sẹ́ni tó sunkún. Akọ̀wé, tó jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú fọ́ọ̀mù lórí itan, wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó sì kọ àkókò náà sílẹ̀.

Bàbá Onírọ́bà kì í ṣe ènìyàn. Ère rọ́bà ni, ó tó àgbàlagbà ọkùnrin. Ó ní orí, àyà, ikùn àti itan méjèèjì, ṣùgbọ́n kò ní apá, nítorí kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ fi apá rẹ̀ ṣe. Àwọn tó mọ ọ́n to iṣan rọ́bà sí inú rẹ̀ bí Ẹlẹ́dàá ti to tiwa, wọ́n sì jẹ́ kí omi pupa máa ṣàn nínú wọn. Ara rẹ̀ ni àwọn dókítà ilé ìwòsàn náà ti ń kọ́ iṣẹ́ wáyà.

Iṣẹ́ wáyà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Tẹ́lẹ̀, bí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá dí nínú ikùn tàbí itan, ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń la ara títí wọ́n á fi débẹ̀. Ní báyìí, ihò kan tí kò ju ẹnu ìgò oògùn ojú lọ ni wọ́n ń lu sí ibi tí itan ti pàdé ikùn. Wọn á ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ibẹ̀, wọn á máa wo ibi tó ń lọ lójú tẹlifíṣọ̀n. Bó bá ti kọjá ibi tó dí, wọn á ti bálúùnù kékeré kan tẹ̀ lé e, wọn á fẹ́ ẹ, ọ̀nà á sì là. Aláìsàn kì í sùn. Ẹlòmíràn á máa ròyìn àwọn ọmọ rẹ̀ títí wọ́n á fi parí.

Ọ̀gá Ọ̀bẹ ni olórí àwọn oníṣẹ́ abẹ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi la ènìyàn tó sì rán wọn padà. Ìka ìfábẹ̀lá ọ̀tún rẹ̀ ni àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní ojú kẹta. Bí ẹ̀jẹ̀ bá bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ríran mọ́, á ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, á di ojú ara rẹ̀, ìka náà á sì wá ihò rí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń rìn ní ìgboro nítorí ìka yẹn, tí wọn kò tilẹ̀ mọ̀. Ní ti wáyà, ó ti ṣe é lẹ́ẹ̀méjìlá, lẹ́yìn tó lọ sí ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta kan. Ìwé-ẹ̀rí ẹ̀kọ́ náà wà lára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀, etí rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ wúrà. Ọjọ́ kẹta nínú ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ìdágbére ni wọ́n fi ṣe.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni ilé ìwòsàn gbé òfin tuntun jáde. Ojú ìwé mẹ́fà ni. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi wáyà ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ àádọ́ta nínú ìwé àkọsílẹ̀, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú rẹ̀, kí ẹlẹ́rìí sì fọwọ́ sí ìkọ̀ọ̀kan. Àgbà tí iye tirẹ̀ kò bá pé ṣì lè ṣiṣẹ́, bí ẹni tó ní ìwé-ẹ̀rí bá dúró tì í, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ìdánwò lára Bàbá Onírọ́bà, kí Bàbá Onírọ́bà má sì kú. Alága ìgbìmọ̀ ló fọwọ́ sí òfin náà ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé kẹfà. Ọ̀gá Ọ̀bẹ ni alága. Ó ka ojú ìwé kìíní, ó rí i pé ohun tó dára fún àwọn ọ̀dọ́ ni, ó fọwọ́ sí i. Ọba Mídíà kan ṣe irú rẹ̀ rí, tó fi òǹtẹ̀ lu òfin kó tó béèrè ẹni tí ihò kìnnìún ń dúró dè.

Bó bá jẹ́ ti iṣẹ́ nìkan ni, Ọ̀gá Ọ̀bẹ ì bá fi wáyà sílẹ̀ fún Ìyá Wáyà, kó máa bá ọ̀bẹ rẹ̀ lọ ní àlàáfíà. Ìyá Wáyà ni dókítà obìnrin tí Ọ̀gá Ọ̀bẹ fúnra rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ọ̀bẹ mú. Lẹ́yìn náà ni obìnrin náà lọ lo ọdún méjì gbáko níbòmíràn láti kọ́ iṣẹ́ wáyà, ó sì padà dé pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ tó nípọn bí ìwé orin ìjọ. Ṣùgbọ́n Àǹtí ti wọ wọ́ọ̀dù.

Àǹtí ni ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá Ọ̀bẹ. Òun ló tọ́ ọ lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Ó pọ̀n ọ́n, ó nà án, ó sì kọ́ ọ ní Sáàmù kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń wọ ṣòkòtò. Ní báyìí, egbò kan wà lórí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tí kò jinná láti oṣù mẹ́ta, nítorí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ síbẹ̀ ti dí nínú ikùn. Bí wọn kò bá la iṣan náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹsẹ̀ ni wọ́n máa gé. Wáyà nìkan sì ni ọ̀nà, nítorí dókítà tó ń wo ọkàn ti kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ̀ pé bí wọ́n bá la ikùn ìyá yìí, ọkàn rẹ̀ kò ní lè gbé e.

"Ọwọ́ àbúrò mi nìkan ló máa kan iṣan mi," ni Àǹtí sọ fún gbogbo wọ́ọ̀dù. "Èmi ni mo ń fọ ọwọ́ yẹn kó tó mọ̀ pé wọ́n ń fọ ọwọ́."

Ọ̀gá Ọ̀bẹ ti dáhùn lójú gbogbo wọn pé, "Mo ti ṣèlérí fún yín, Àǹtí. Ọwọ́ mi ni." Wọ́n fi iṣẹ́ náà sí ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Wọ́n fi ìdánwò sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú rẹ̀.

Ìdánwò náà bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Wáyà wọlé, ó gòkè, ó dé ibi tí iṣan ti ṣẹ́ kọ́rọ́, ó dúró. Ìyá Wáyà, tó jẹ́ olùdánwò, káwọ́ sẹ́yìn lẹ́bàá ògiri. Òfin kò gbà á láyè láti sọ̀rọ̀. Ọ̀gá Ọ̀bẹ ti wáyà. Wáyà kọ̀. Ó tún tì í. Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ohunkóhun tó bá kọ̀ fún ìka rẹ̀, ìka náà á sọ ìdí rẹ̀ fún un: ẹ̀jẹ̀ dídì rèé, egungun rèé, rọra ṣe níbí. Wáyà kò sọ nǹkan kan. Ó tì í lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì lọ. Ó lọ gan-an ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe inú iṣan ló gbà lọ.

Omi pupa kún ikùn Bàbá Onírọ́bà. Ẹ̀rọ dún lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ọ̀bẹ," ni Ọ̀gá Ọ̀bẹ wí.

Nọ́ọ̀sì àgbà tó dúró tì í ti ń gbé ọ̀bẹ fún un láti ọdún méjìdínlógún. Ọ̀bẹ ti dé ọwọ́ ọ̀gá kí nọ́ọ̀sì tó rántí pé rọ́bà ni. Ọ̀gá Ọ̀bẹ la Bàbá Onírọ́bà láti àyà dé ìdodo, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ nínú, ó di ojú, ó wá ihò náà rí, ó sì rán an. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀ gbà. Omi dáwọ́ dúró. Ó gbójú sókè, òógùn ń kán ní imú rẹ̀.

"Ó yè," ló wí.

Ẹ̀rọ ṣì ń kọ ọ́ ní pupa pé ó kú.

"Sà," ni Akọ̀wé wí láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, "mo ti kọ ọ́ pé ó kú ní agogo mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún."

"Ó sì jí ní mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Kọ ìyẹn náà."

Akọ̀wé yẹ fọ́ọ̀mù náà wò níwájú àti lẹ́yìn. "Wọn ò fi àyè sílẹ̀ fún àjíǹde, sà."

Akọ̀wé kì í ṣe ènìyàn búburú. Ọdún méjìlá ló fi jẹ́ akọ̀wé ìjọ rẹ̀ kó tó di ti ilé ìwòsàn, ó sì gbàgbọ́ pé ohun tí ènìyàn bá ti fi yíńkì kọ, iwájú Ọlọ́run ló wà. Òfin ní ojú ìwé karùn-ún sọ pé gbogbo ikú tó bá ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń dán wò gbọ́dọ̀ dé ìpàdé ikú, èyí tí wọ́n ń ṣe ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀. Òfin kò sọ pé ẹni tó kú gbọ́dọ̀ ti wà láàyè rí. Akọ̀wé kà á lẹ́ẹ̀mejì kó lè dá a lójú. Lẹ́yìn náà ló sọ̀ kalẹ̀ lọ sí sítọ́ọ̀, nítorí fọ́ọ̀mù béèrè bóyá wọ́n ti sọ fún ìbátan.

Bàbá Sítọ́ọ̀, tó ń tọ́jú ère náà, tó sì ń nù ún ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, wà lórí àga, ó ń ka àpótí ìbọ̀wọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà," ni Akọ̀wé wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe dìde. Ọ̀rọ̀ Bàbá Onírọ́bà ni. Wọ́n sa gbogbo agbára wọn."

Bàbá Sítọ́ọ̀ gbé àpótí kalẹ̀.

"Ta ló máa nu ilẹ̀?" ló béèrè.

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Ọ̀gá Ọ̀bẹ lọ sí wọ́ọ̀dù. Àǹtí gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí, ó wọ awò ojú, ìwé orin wà láyà rẹ̀.

"Ṣé o yege?"

"Ọ̀rọ̀ náà ti wà níwájú ìgbìmọ̀, Àǹtí."

"Nígbà tó o wà ní kíláàsì kẹrin, iwájú tíṣà rẹ ni ọ̀rọ̀ wà. Ọdún méjì lo lò níbẹ̀."

"Àǹtí, àwọn aláìsàn ń gbọ́."

"Kí wọ́n gbọ́. Ó máa fún wọn ní ìgboyà."

Ọ̀gá Ọ̀bẹ fọwọ́ kan àtàǹpàkò ẹsẹ̀ Àǹtí. Ó tutù bí irin. Etí egbò náà ti dúdú sí i ju ti àná lọ.

Ìpàdé ikú máa ń wáyé nínú yàrá gígùn kan tó ní tábìlì kan, àga mẹ́rìnlá, àti fáànù kan tó máa ń dún bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó tún yí ọkàn padà. Ọ̀gá Ọ̀bẹ ló máa ń ṣe alága. Nítorí pé ẹjọ́ rẹ̀ ni lọ́jọ́ náà, ó dìde kúrò lórí àga ńlá fún Ìyá Wáyà, ó sì jókòó sórí èyí tó tẹ̀ lé e, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Àṣà wọn ni láti dìde fún ìṣẹ́jú kan ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ nítorí olóògbé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé ní kí wọ́n dìde. Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n dìde.

Nígbà tí wọ́n jókòó, Akọ̀wé ka fọ́ọ̀mù.

"Orúkọ olóògbé: Bàbá Onírọ́bà. Ọjọ́ orí: ọdún mẹ́rin, láti ìgbà tó ti dé ọ̀dọ̀ wa. Iṣẹ́: aláìsàn. Ẹ̀sìn." Ó dúró díẹ̀. "Mi ò kọ ẹ̀sìn sí i. Mi ò fẹ́ parọ́ mọ́ ọn. Ìbátan: Bàbá Sítọ́ọ̀. A ti sọ fún un, ó sì gbà á bí ọkùnrin."

"Mi ò fara mọ́ ọn," ni Ọ̀gá Ọ̀bẹ wí. "Aláìsàn yìí ò kú."

"Ẹ̀rọ ní ó kú, sà."

"Ẹ̀rọ ò mọ̀ pé wọ́n ń rán nǹkan. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Mo rán ihò yẹn lójú mẹ́fà. Ẹ gbé bàbá náà wá."

Dókítà tó ń fi oògùn kun àwọn aláìsàn lóorun, tí gbogbo wọn ń pè ní Dókítà Oorun, gbé ọwọ́ sókè. "Ó tọ́. Ní gbogbo ọdún tí mo ti ń bọ̀ níbí, a ò tíì pe olóògbé rí kó wá sọ tẹnu rẹ̀."

Bàbá Sítọ́ọ̀ ti Bàbá Onírọ́bà wọlé lórí ibùsùn oníkẹ̀kẹ́, aṣọ funfun dé ọrùn rẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà ló ti béèrè bóyá kí òun bo ojú rẹ̀. Akọ̀wé ní kó dúró de ìdájọ́ ná.

Wọ́n so ọ̀pá omi mọ́ ọn, wọ́n sì jẹ́ kí omi pupa máa ṣàn nínú iṣan rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Dókítà Oorun tẹ́ aṣọ ìnujú sí abẹ́ ibi tí wọ́n rán. Gbogbo wọn wo omi. Nígbà tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá pé, ó fa aṣọ ìnujú yọ, ó gbé e sókè. Ó gbẹ táútáú, bí irun àgùntàn Gídíónì nígbà kejì. Àwọn ọ̀dọ́ dókítà na ọrùn láti wo ojú abẹ́rẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Wọ́n tò bí eyín ọmọdé. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó lè rán irú rẹ̀, wọ́n sì mọ̀.

Wọ́n dìbò. Ènìyàn mẹ́wàá ní ó yè, ẹnì kan ní ó kú. Bàbá Sítọ́ọ̀ kò ní ẹ̀tọ́ ìbò, ṣùgbọ́n ó nawọ́ fún ìyè.

Ọ̀gá Ọ̀bẹ jókòó ṣinṣin lórí àga ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú. Ọjọ́ Ajé ti ń bọ̀ níwájú rẹ̀, ó sì rí ọwọ́ ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

"Ó yè, ọ̀gá," ni Ìyá Wáyà wí. "Èmi náà dìbò fún ìyè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n béèrè nǹkan. Nígbà tí wáyà kọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kí lẹ rò?"

"Mo rò pé ó máa lọ."

"Kí ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

Ọ̀gá Ọ̀bẹ jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn, ìyẹn ni wàhálà rẹ̀. "Kò sí ohun tó sọ ọ́," ló wí.

"Nígbà tí omi wá kún, bálúùnù wà nínú abọ́ níwájú yín. Téèyàn bá fẹ́ ẹ síbi ihò yẹn, ẹ̀jẹ̀ á dúró láìsí pé a la ara. Ṣé ẹ rántí rẹ̀?"

"Mi ò rántí."

"Wọ́n kọ́ yín ní ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta yẹn."

"Ọjọ́ kejì ni wọ́n kọ́ wa. Mo mọ̀ ọ́n. Tó o bá bi mí, màá sọ ọ́ fún ẹ."

"Orí yín mọ̀ ọ́n, sà. Ọwọ́ yín ni ò tíì mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ọ̀ràn dé, ọwọ́ yín sá lọ sílé, ibi ọ̀bẹ." Ó wo Bàbá Onírọ́bà. "Ẹ la bàbá yìí láti àyà dé ìdodo, kò sì ṣe nǹkan kan fún un. Rọ́bà ni. Kò ní ọkàn tó lè dá iṣẹ́ sílẹ̀."

Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Fáànù fẹ́ sọ̀rọ̀, ó yí ọkàn padà. Lójú inú rẹ̀, Ọ̀gá Ọ̀bẹ rí ìlà kan nínú fáìlì Àǹtí, tí dókítà ọkàn fi yíńkì dúdú kọ. Ó wo ojú abẹ́rẹ́ mẹ́fà náà fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n dára gan-an.

"Akọ̀wé," ló wí níkẹyìn, "kọ ọ́ pé aláìsàn yè."

"Mo ti kọ ọ́, sà."

"Kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé dókítà rẹ̀ ò yege."

Akọ̀wé wo fọ́ọ̀mù. "Bí aláìsàn bá yè, sà, fọ́ọ̀mù gbà pé dókítà yege ni. Ìlà kan ṣoṣo ló wà."

"Fa ìlà kejì sí i."

Akọ̀wé mú rúlà jáde nínú àpò, ó sì fa ìlà kejì. Ọ̀gá Ọ̀bẹ fọwọ́ sí i, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n dán wò àti gẹ́gẹ́ bí alága, ní ibi méjèèjì tó yẹ. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ka gbogbo rẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i.

Òun àti Ìyá Wáyà jọ lọ sí wọ́ọ̀dù. Ọ̀nà náà gùn. Nígbà tí wọ́n dé ibùsùn Àǹtí, Ọ̀gá Ọ̀bẹ dúró bí ọmọ tó gbé ìwé èsì ìdánwò dé láti ilé ìwé.

"Mi ò yege, Àǹtí."

Àǹtí bọ́ awò ojú. "Mélòó lo gbà?"

"Kì í ṣe ti máàkì. Aláìsàn kú mọ́ mi lọ́wọ́."

"Yé. Ọmọ ta ni?"

"Ti rọ́bà ni. Ó sì padà jí."

"Ó kú, ó jí, ọwọ́ rẹ ló ti jí. Kí wá ni wọ́n ń wí?"

"Bí mo ṣe jí i ni. Mo la ikùn rẹ̀."

Wọ́n ti ka ohun tí dókítà ọkàn kọ sí Àǹtí létí, ó sì ní kí wọ́n tún un kà, nítorí pé ohun tó bá kan òun, òun kì í gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Ó pa ìwé orin dé, ó sì tẹ́ ọwọ́ lé e.

"O ṣèlérí fún mi," ló wí. Kò gbé ohùn sókè.

"Mo ṣèlérí, mà. Àdéhùn náà ni mo wá yẹ̀."

Ìyá tó wà ní ibùsùn kejì yí ojú sí ògiri, ó ń ṣe bí ẹni tó ń sùn. Àǹtí wo àbúrò rẹ̀ láti orí dé bàtà. Lẹ́yìn náà ló yí sí Ìyá Wáyà.

"Ìwọ ni wọ́n ń pè ní Ìyá Wáyà?"

"Èmi ni, mà."

"Ọmọ ọdún mélòó ni Wáyà?"

"Mi ò tíì bí i tán, mà."

Àǹtí gbà á. "Ènìyàn mélòó lo ti ṣe?"

"Igba ó lé méjìlá, mà."

"Mélòó ló kú?"

Ọ̀gá Ọ̀bẹ wo ilẹ̀. Wọn kì í béèrè bẹ́ẹ̀ ní wọ́ọ̀dù.

"Mẹ́ta, mà."

"Kí lorúkọ wọn?"

Ìyá Wáyà dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tòun ti ọjọ́ tí ìkọ̀ọ̀kan kú. Kò wo ìwé. Àǹtí fetí sí i, ó ń mi orí sí orúkọ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí wọ́n ń fi àlejò hàn.

"Ẹni tó mọ orúkọ àwọn tó kú mọ́ ọn lọ́wọ́, mo lè gbé ẹsẹ̀ mi fún un," ló wí. "Ṣùgbọ́n kí àbúrò mi dúró níbi tí mo ti máa rí i. Ìwọ."

"Mà."

"Nígbà tó o wà ní kíláàsì kẹrin, irọ́ lo pa fún mi. O ní tíṣà ò fẹ́ràn rẹ. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó mọ̀ pé o ò yege." Ó wọ awò ojú rẹ̀ padà. "O ti dàgbà."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, gbogbo wọn wọ aṣọ òjé tó wúwo, èyí tó ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ ẹ̀rọ tó ń ríran wọnú ẹran. Ọ̀gá Ọ̀bẹ lọ sí apá ọ̀tún ibùsùn bó ti máa ń ṣe. Ó rántí. Ó yí po, ó bọ́ sí apá òsì, níbi tí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ máa ń dúró sí. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un ni láti di ìrù wáyà mú kó má baà kan ilẹ̀.

Àǹtí kò sùn. Ìbàdí rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi oògùn pa.

"Kí ni àbúrò mi ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Wọ́n ń di ìrù wáyà mú, mà," ni Dókítà Oorun dáhùn.

"Ó mọ̀ ọ́n. Ní kékeré rẹ̀, ìrù ewúrẹ́ aládùúgbò ló máa ń dì mú."

"Kí lewúrẹ́ máa ń ṣe, mà?"

"Kí lo rò pé ó máa ṣe?"

Wáyà gòkè lójú tẹlifíṣọ̀n. Ó dé ibi tí iṣan Àǹtí ti ṣẹ́ kọ́rọ́, ó dúró. Ọwọ́ Ọ̀gá Ọ̀bẹ le lára ìrù wáyà. Ìyá Wáyà kò tì í. Ó fà á padà díẹ̀. Ó fi ìka méjì yí i, bí ẹni tó ń wá ilé iṣẹ́ rédíò. Ó gbìyànjú, ó kọ̀; ó fà á padà. Ó yọ ọ́ jáde pátápátá, ó gba òmíràn tí orí rẹ̀ rọ̀ tó sì tẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló fi ń ṣe ohun tó dà bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Ọ̀gá Ọ̀bẹ gbàdúrà nínú ọkàn rẹ̀, ó sì kíyè sí i pé ní ìgbà mẹ́fà nínú ìṣẹ́jú mọ́kànlá yẹn, ọwọ́ òun ì bá ti tì í.

Wáyà kọjá. Kò sẹ́ni tó pariwo. Bálúùnù tẹ̀ lé e, wọ́n fẹ́ ẹ, wọ́n tú u, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó dúdú lójú tẹlifíṣọ̀n sì gùn dé ìsàlẹ̀.

"Ọ̀gá," ni Ìyá Wáyà wí, kò gbé ojú kúrò lójú tẹlifíṣọ̀n, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo ẹsẹ̀."

Ó fi ìrù wáyà lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, ó lọ sí ẹsẹ̀ ibùsùn. Ó gbé ìka ìfábẹ̀lá ọ̀tún rẹ̀ lé ẹ̀yìn ẹsẹ̀ òsì Àǹtí, láàárín egungun méjì, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti máa ń lù bó bá dé ẹsẹ̀, ó sì di ojú. Gbogbo yàrá dákẹ́, títí kan Àǹtí. Ó pẹ́ díẹ̀.

"Ó wà níbẹ̀," ló wí.

"Ta ló wà níbẹ̀?" ni Àǹtí béèrè.

"Ẹ̀yin ni, Àǹtí."

"Mo ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Ẹ̀yin lẹ ò rí mi."

Ní ọ̀sán, Akọ̀wé wá bá Ọ̀gá Ọ̀bẹ ní ọ́fíìsì. Ó gbé ìwé àkọsílẹ̀ tuntun kan lé tábìlì, ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ búlúù, irú èyí tí wọ́n ń fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Orúkọ Ọ̀gá Ọ̀bẹ ti wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Iṣẹ́ kìíní, sà. Kí lẹ ṣe gan-an?"

"Mo di ìrù wáyà mú."

Akọ̀wé kọ ọ́. "Ẹlẹ́rìí ti fọwọ́ sí i. Ó ku mọ́kàndínláàádọ́ta."

"Méjìlá tí mo ti ṣe tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

"Kò sí ẹlẹ́rìí, sà. Ojú ìwé kẹrin." Akọ̀wé fi ìka hàn án. "Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i."

Ọ̀gá Ọ̀bẹ fi ìwé búlúù náà sí abíyá, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí sítọ́ọ̀. Bàbá Onírọ́bà ti wà ní ipò rẹ̀ ní yàrá tó tẹ̀ lé e, àpá rẹ̀ láti àyà dé ìdodo. Wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ dókítà ti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má tú ojú abẹ́rẹ́ mẹ́fà inú rẹ̀.

"Mo fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́, wákàtí kan péré," ni Ọ̀gá Ọ̀bẹ wí. "Mo fẹ́ dánra wò."

Bàbá Sítọ́ọ̀ mú kọ́kọ́rọ́ kúrò lára ìṣó, kò sì nà án sí i.

"Ọ̀bẹ ńkọ́, sà?"

"Mi ò mú ọ̀bẹ dání."

Bàbá Sítọ́ọ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọwọ́ tẹ àpò rẹ̀ ọ̀tún, ó tẹ òsì, ó tẹ ti àyà. Lẹ́yìn náà ló fún un ní kọ́kọ́rọ́.